Ọ̀tún ni Iwájú ní Ọ̀yọ́, Òsì ni ní Maryland

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo mọ̀ pé àwọn òbí yín ti bá yín yan iṣẹ́ tán. Dókítà ni, nọ́ọ̀sì ni, lọ́yà ni, tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè ṣàlàyé ohun tí ẹ máa ń ṣe nídìí ẹ̀ gan-an. Mi ò bá wọn jà. Èmi náà sọ fún ọmọbìnrin mi pé kó lọ ka ìwé nọ́ọ̀sì, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu dáadáa: fíìmù ló ń yà ní Atlanta. Àmọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ iṣẹ́ tí mo fi bí ogójì ọdún ṣe. Ẹni tó bá ti sú, kó máa tẹ fóònù ẹ̀ lọ. Mo ti mọ ojú yín.

Kẹ̀kẹ́ ni mo tún ṣe. Kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí ẹ pa tì sínú gàráàjì àwọn òbí yín látìgbà tí ẹ ti gba láísẹ́ǹsì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pè mí ní Àǹtí Oníkẹ̀kẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lanham. Fọlákẹ́ ni orúkọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀.

Tíṣà ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan ni wọ́n ń gùn lọ síléèwé, kẹ̀kẹ́ náà sì máa ń ṣàìsàn ju àwọn fúnra wọn lọ. Èmi ni wọ́n máa ń rán kí n tì í lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lámídì, tí wọ́n ní ìsọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Òwódé. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, tí mò ń dúró de èsì ìdánwò, mi ò lè jókòó sílé. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo ń lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá Lámídì wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ tíṣà, kí lò ń wá kiri níbí? Kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ ti dáa láti ọjọ́ Ajé."

"Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni, sà."

"Iṣẹ́ wo?"

"Eléyìí, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ti abọ́ ńlá kan síwájú mi, abọ́ omi dúdú tí wọ́n fi ń wá ibi tí tíúbù ti jò. Wọ́n ní, "Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́." Mo kì í bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.

"Ó dáa. Lọ́la, aago méje. Kí o sọ fún bàbá ẹ pé èmi kọ́ ni mo pè ẹ́ o."

Bàbá mi bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi bínú fún ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ náà, nítorí náà ọdún kan ṣoṣo ni mo fi rí àlàáfíà.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò ṣe ju kí n máa fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kí n sì máa fa afẹ́fẹ́ sí táyà. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni obìnrin. Ọ̀gá Lámídì kì í pariwo, àmọ́ wọn kì í gba ṣeréṣeré. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ríìmù rẹ tọ́, wọ́n á fi èékánná ta àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dẹtí sí i. Èyí tí ohùn ẹ̀ bá yàtọ̀, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. "Tún un ṣe." Wọn ò ní sọ ibi tó ti bàjẹ́. Ìwọ ni kí o wá a rí.

Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, wọ́n á tò wá sí ìlà bí ọmọ iléèwé. Kẹ̀kẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kún ìlú nígbà yẹn, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló sì máa ń di táyà iwájú mú, tòsì á di tẹ̀yìn mú. Ọ̀gá á ní, "Ọ̀tún?"

A ó ní, "Iwájú!"

"Òsì?"

"Ẹ̀yìn!"

Ẹni tó bá rò ó kó tó dáhùn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á bá a ní ìka. Wọ́n ní bíréèkì iwájú kì í ṣe ohun àmúṣeré, pé ẹni tó bá dédé fà á nígbà tó ń sáré, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló máa gbà kọjá sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rò ó," ni wọ́n máa ń sọ. "Mo fẹ́ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n." Ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun títí di òní, ọwọ́ mi ṣì mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi sì ti wá.

Òfin wọn kejì ni pé ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló máa kọ́kọ́ gùn ún, kí oníkẹ̀kẹ́ tó gùn ún. Òfin kẹta, inú ọ̀ràn ni mo ti kọ́ ọ. Mo ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan fún olùkọ́ ìjọ kan tó ń gbé ní Àwẹ́, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ kí n tó gùn ún. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo rántí pé mi ò de nọ́ọ̀tì ẹ̀ le. Mo sọ fún Ọ̀gá, mo rò pé àwọn ni wọ́n máa lọ.

"Ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Lọ bá a. Dúró níwájú ẹ̀, kí o ní, 'Èmi ni mo ṣe é, mi ò dè é dáadáa.' Má sọ pé kẹ̀kẹ́ ti gbó. Má sọ pé ọ̀nà ò dáa."

Mo rìn lọ sí Àwẹ́. Bàbá náà ò tíì gùn ún, mo dè é níbẹ̀, ó sì bú mi lójú ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ilé náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo padà dé pẹ̀lú omijé.

"Ó bú ẹ?"

"Wọ́n bú mi, sà."

"Ó dáa." Wọ́n wá na mọ́ínmọ́ín méjì sí mi, èyí tí wọ́n ti fi pamọ́. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ rí, wọn ò sì tún irú ẹ̀ ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, tí gbogbo èèyàn ń kí mi kú oríire, tí ìyá mi pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Lámídì gba ọwọ́ mi, wọ́n ní, "O ò tíì kọ́ṣẹ́ tán o. Mo kàn ń tú ẹ sílẹ̀ ni." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fo àárín yẹn. Mo lọ sí Pólì ní Ìbàdàn, mo ṣí ìsọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kadà dé, ó gba gbogbo oníbàárà mi. Ọkọ mi ríṣẹ́ níbí, a sì kó wá sí Langley Park, inú àpátímẹ́ǹtì tí a ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí ará òkè ń sè. Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn aládùúgbò wa tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́ ilé ìdáná àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mi ò gbọ́ Sípáníìṣì, wọn ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ táyà tó ti bẹ́ kò nílò ògbufọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún tiwọn ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní Laurel. Ọ̀gá ibẹ̀, Mísítà Hárísì, gbé ríìmù tó ti wọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ta á léèékánná, mo dẹtí sí i, mo tọ́ ọ. Mo gba iṣẹ́. Iye tó ń san? Ó tó ra ìrẹsì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo rí i pé òsì ni bíréèkì iwájú wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ wọn. Mo ní ta ló ṣe irú ìranù yìí? Mo rò pé àṣìṣe ẹnìkan ni. Mo fara balẹ̀, mo "tún" mẹ́ta ṣe kí Mísítà Hárísì tó já lù mí. Ọkùnrin yẹn pariwo débi pé ẹni tó ń ra bẹ́ẹ̀lì kékeré sá jáde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé bí gbogbo Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe é nìyẹn: òsì ni iwájú. Nígbà tí ara ẹ̀ rọlẹ̀, ó fún mi ní tépù pupa. Ó ní kẹ̀kẹ́ yòówù tí mo bá tún ṣe, kí n dán an wò, kí n rí i pé òsì ló mú iwájú, kí n tó lẹ tépù mọ́ ọwọ́ bíréèkì òsì.

Mo lẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjìlélógún. Ó wá di pé àwọn oníbàárà fúnra wọn ń béèrè tépù pupa. Bí tépù bá ti wà lára ẹ̀, Fọlákẹ́ ti gùn ún nìyẹn, ọkàn wọn balẹ̀.

Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, irinṣẹ́ ń yí padà ní ojú mi. Sípánà mẹ́ta àti òòlù kan ló wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ní Laurel, ògiri kan odindi ni. Wáyà bíréèkì lọ, èyí tó ń lo òróró dé. Kẹ̀kẹ́ tó ní bátìrì dé. Kẹ̀kẹ́ kan tilẹ̀ wà báyìí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi sí ṣáájì kó tó lè yí jíà. Oníbàárà kan pè mí pé kẹ̀kẹ́ òun ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Mo ní kó fún un.

Ó wá kan Sístà Bíọ́lá, ẹni tí ìtàn yìí jẹ́ tiẹ̀ gan-an. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni, ó sì fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ẹ má sọ fún un pé mò ń pè é ní "ó" nínú ìwé, torí "ẹ" ni mò ń pè é lójú. Lọ́jọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Fọlákẹ́, dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù. Wá kẹ̀kẹ́ tí kò ní wó lábẹ́ mi."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wó o, Sístà, àpò ìpápánu yín ni."

"Ṣé bí ẹ ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ níbí nìyẹn? Pe ọ̀gá ẹ fún mi!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà ẹ̀bá odò Anacostia, láti Bladensburg, ló ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Ọdún kan kọjá, ṣúgà ẹ̀ lọ sílẹ̀, dókítà dín oògùn ẹ̀ kù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e títí wọ́n fi di méje. Dẹ́kìn Gbádé, akáǹtáńtì, wà lára wọn pẹ̀lú ṣòkòtò kan tó fún mọ́ ọn débi pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣe ìpàdé lé e lórí. Èmi ò bá wọn gùn ún. Fáàn ni mo ń wà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú irinṣẹ́ àti omi. Mo ní mò ń tún un ṣe, kí àwọn máa gùn ún.

Nígbà tí Sístà Bíọ́lá pé ọgọ́ta ọdún, ó ní òun ò ṣe ìnáwó kankan. Ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ireland, ti ń fi fọ́tò ìlú wọn hàn án láti ọdún pípẹ́: àwọn ìlú kéékèèké etí odò, afárá olókùúta, pápá tútù. Ọ̀nà kan wà tó gbéra ní Kilkenny, tó gba àwọn ìlú wọ̀nyí kọjá, tó sì tún yí po padà sí Kilkenny, ogójì máìlì ó lé díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gùn ún yí po ní ọjọ́ kan. Gbogbo wa sì wọ bàálù.

A háyà kẹ̀kẹ́ méje níbẹ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kan àkọ́kọ́, ọkàn mi fò: ọ̀tún ni iwájú. Bíi ti Ọ̀yọ́ gẹ́lẹ́! Àmọ́ ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gùn ún ti mọ ti Maryland. Sístà Bíọ́lá ní, "Fọlákẹ́, yí gbogbo ẹ̀ padà fún wa o. Mi ò fẹ́ kú sílẹ̀ onílẹ̀."

Ẹ̀yìn ilé tí a dé sí ni mo ti ṣe é, ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Yíyí padà náà ò le: tú wáyà méjèèjì, fi èyí sípò ìyẹn, dè é, gùn ún, lẹ tépù pupa. Mo ṣe mẹ́fà. Mo ti tú wáyà méjèèjì ti ìkeje sílẹ̀ nígbà tí ìyá onílé jáde wá, ìyá arúgbó kan tó rẹwà, ó ń ti nǹkan bọ̀ láti inú ilé ìkẹ́rù. Ó ní ti ọkọ òun tó ti kú ni, ó ti pẹ́ tí kò yí mọ́, ṣé mo lè bá òun wò ó.

Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ni. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Ìjókòó aláwọ, bẹ́ẹ̀lì ńlá, ohun gbogbo. Mo gbàgbé gbogbo nǹkan. Mo fi òróró sí i, mo fa afẹ́fẹ́ sí i, mo gùn ún yí ẹ̀yìn ilé yẹn po bíi ìgbà mẹ́jọ, mò ń fa ọ̀tún, mò ń fa òsì, mò ń pariwo "Iwájú! Ẹ̀yìn!" bíi wèrè. Ìyá onílé ń pàtẹ́wọ́. Ó gbé tíì wá, a mu ún.

Lẹ́yìn náà mo padà sídìí ìkeje. Ọwọ́ mi dá wáyà méjèèjì padà. Mo gùn ún gẹ́gẹ́ bí òfin Ọ̀gá Lámídì. Mo fa ọ̀tún, iwájú dúró. Gbogbo ara mi ní ó dáa. Mo lẹ tépù pupa mọ́ òsì.

Ìkeje yẹn ni Sístà Bíọ́lá mú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, torí àwọ̀ ewé rẹ̀ wù ú.

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Wọ́n gba Bennettsbridge, wọ́n gba Thomastown, odò Nore ń bá wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Inistioge, wọ́n dúró lórí afárá kan tó ní ojú púpọ̀, bàbá kan tó ń dẹ odò sì béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Dẹ́kìn Gbádé ní, "Lanham, Maryland, sà."

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"Ìbàdàn."

Bàbá náà ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ti ṣe tíṣà ní Nàìjíríà rí, pé títí tó fi kú ló ń bú wa pé ata wa ti pọ̀ jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Sístà Bíọ́lá ń dán bí ọmọ ogún ọdún.

Láti ibẹ̀, òkè ni, lẹ́yìn náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé Graiguenamanagh létí odò Barrow. Èmi wà lẹ́yìn nínú fáàn, mo rí gbogbo ẹ̀. Nítòsí ìsàlẹ̀, nígbà tí afárá ti ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán, katakata kan yọ imú jáde láti ẹnu géètì oko. Sístà Bíọ́lá ló wà níwájú. Láti àárọ̀, bíréèkì méjèèjì ló ti ń fà pọ̀. Ó na ọwọ́ òsì sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn dẹ eré, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan fa bíréèkì, bó ṣe máa ń ṣe é létí Anacostia, níbi tí ọ̀tún ti jẹ́ táyà ẹ̀yìn, tí kì í ṣe ewu. Táyà iwájú dúró gbagidi lórí ọ̀nà tútù. Ó gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá.

Eegun èjìká ẹ̀ kán. Eyín ẹ̀ méjì yọ. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀ ọsibítù, tó dùbúlẹ̀ sórí koríko, tí agboorùn Dẹ́kìn bò ó, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀nà ló yọ̀," ni ẹnìkan wí.

Dẹ́kìn ní, "Ẹ sáré jù, Sístà."

Òun fúnra ẹ̀ ní, "Èmi ni. Mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Àgbà ti dé, mò ń ṣe bí ọmọdé."

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà nílẹ̀. Mo fa òsì, níbi tí tépù pupa mi wà. Táyà ẹ̀yìn ló dúró. Mo fa ọ̀tún.

Mo gbé e wọ inú fáàn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì yí wáyà méjèèjì padà sí bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Mo ní kí ẹlòmíràn má baà gùn ún bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé nígbà tí mo fi máa jáde, kò sí ẹni tó lè rí ohun tí mo ṣe mọ́. Ìdajì ọ̀nà ló kù, ẹnikẹ́ni ò parí ẹ̀. A padà sílé.

Oṣù méjì ni mo fi gbé e mọ́ra. Mò ń se ọbẹ̀ lọ fún Sístà Bíọ́lá, mò ń fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, mò ń bá a fọ abọ́. Ó ń gbàdúrà fún mi. Mò ń ṣe àmín. Èjìká ẹ̀ san, wọ́n tún eyín ẹ̀ ṣe, àmọ́ kò súnmọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wa mọ́tò wá sí Laurel, ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó ń gùn ní Bladensburg jáde.

"Gbà. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn."

"Sístà, dókítà ńkọ́?"

"Ó ti dá oògùn tó yọ padà, ó tún fi abẹ́rẹ́ kún un." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi mọ́."

Ọwọ́ ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ mi ni. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá gba kẹ̀kẹ́ yẹn, mo ti fi abẹ́rẹ́ gún un lójoojúmọ́ títí ayé nìyẹn. Mo sì tún mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, tépù pupa ọdún méjìlélógún ti di tépù lásán, ó sì ṣeé ṣe kí n má ní ọ̀rẹ́ mọ́. Mo dúró níwájú ẹ̀ bí mo ṣe dúró ní Àwẹ́.

"Sístà, èmi ni mo ṣe é. Mi ò yí kẹ̀kẹ́ yẹn padà dáadáa. Ọ̀tún ni mo fi iwájú sí."

Ó wò mí. "Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gùn ní Ireland."

"Fi hàn mí."

Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ hàn án bó ṣe yẹ kó rí, àti bí mo ṣe ṣe tọ̀hún. Ó fa òsì, ó fa ọ̀tún, ó ń wo táyà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ ṣì wà lórí koríko."

"Oṣù méjì, Fọlákẹ́."

"Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan, Sístà."

"O sì ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi."

Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an mo sọ fún Mísítà Hárísì. Lọ́jọ́ Àìkú mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn méjì gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ibòmíràn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Sístà Bíọ́lá ń jókòó sí apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò pè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Kẹ̀kẹ́ mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Sístà."

"Yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí tépù pupa, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú gárawá ìdọ̀tí.

"Ọ̀nà wo ni mo fi máa mọ ohun tí tépù mọ̀? Gùn ún. Èmi á máa wò ẹ́."

Mo gùn ún yí ibi ìgbọ́kọ̀sí po, ọ̀gá àtọmọ iṣẹ́ ń wò láti ojú fèrèsé. Sístà Bíọ́lá ká ọwọ́ mọ́ àyà bíi tíṣà.

"Dúró! Èwo ni iwájú?"

"Òsì, mà!"

"Yípo lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o, mo kàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ mi ni. Ẹ̀rù ara mi ò bà mí mọ́, ìwọ lẹ̀rù ẹ ṣì ń bà mí. Ní Sátidé, ìwọ náà á gùn. Kò sí ẹni tó máa jókòó sínú fáàn mọ́."

Bó ṣe sọ mí di ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, èmi tí mo ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé. Gbogbo Sátidé ní Bladensburg, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀, á tò wá sí ìlà. "Èwo ni iwájú?" "Òsì!" Ó ń gbádùn ẹ̀ jù, bí ẹ bá bi mí. Dókítà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Mi ò mọ ọjọ́ tó dárí jì mí. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ó ti ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọdún tó kọjá, àtàǹpàkò mi méjèèjì ní ó tó gẹ́ẹ́, mo sì fẹ̀yìn tì. Sístà Bíọ́lá ní kí n má tíì fẹ̀yìn tì tán, pé a ní ìdajì ọ̀nà kan tó kù. Àwa méjì péré la padà lọ. A háyà kẹ̀kẹ́. Mo gbé sípánà jáde kí n yí wọn padà, ó ní kí n dá a padà sápò, bó ṣe wà náà la máa gùn ún. A gba Thomastown, a gba Inistioge, itan mi ń pariwo. Orí òkè, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Graiguenamanagh ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Odò Barrow ń dán nísàlẹ̀. Kò sí katakata.

"Fọlákẹ́! Èwo ni iwájú?"

Òsì ti dé ètè mi. Ọ̀tún ti Ọ̀yọ́ náà ti gbéra nínú ọwọ́ mi. Mi ò sọ èyíkéyìí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé orí kẹ̀kẹ́ sókè, mo fi ọwọ́ yí táyà, mo sì fa bíréèkì lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wò ó.

"Ó pẹ́ o," ni Sístà Bíọ́lá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, Sístà."

Mo wò ó tán, mo ṣe tiẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mo wá dá a lóhùn, "Ọ̀tún ni, níbí."

Ó gbé ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà. "Ó yá, máa bọ̀," ni ó wí. "O ti kọ́ṣẹ́ tán."